Má Ṣe Dá Oògùn Náà Dúró

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ojú tí ẹ fi ń wo inú aago láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé etí náà ò tíì burú ju bó ṣe wà lọ? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí lẹ́tà mi láti bí oṣù méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún yín pé òkúta ni wọ́n yọ nínú kíndìnrín mi. Irọ́ ni mo pa. Kíndìnrín ọ̀hún gan-an ni wọ́n yọ, nítorí jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́yìn ohun tí ojú yín rí lórí ìyá mi. Mo rò pé ó ti tán. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán inú mi lóṣù tó kọjá, wọ́n rí kókó mẹ́ta nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Láti inú kíndìnrín ló ti rìn débẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fún ìyá mi tí irun wọn fi re. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tó máa ń ṣàlàyé títí ọ̀rọ̀ á fi yé èèyàn, sọ pé oògùn yìí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa jẹjẹrẹ. Ó ní gbogbo wa la ní ọmọ-ogun nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, pé jẹjẹrẹ ló máa ń fọgbọ́n mú wọn sùn. Oògùn ọ̀hún á wá jí wọn kí wọ́n lè jà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń fà sí mi lápá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni màá gba méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ni oríṣi kan á máa bá a lọ. Mo ti gba àkọ́kọ́. Mo kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni, mò ń wò ó bó ṣe ń kán.

Nọ́ọ̀sì tún fún mi ní káàdì pélébé kan pé kí n máa gbé kiri. Ó ní tí àwọn ọmọ-ogun yìí bá jí tán, nígbà míràn wọn kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ara ilé. Wọ́n lè kọjú ìjà sí awọ, sí ìfun, sí ẹ̀dọ̀fóró. Ohunkóhun tó bá yí padà lára mi, kí n pe òun lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì mi. Tí kì í bá ṣe ti etí yín ni, orí fóònù ni ǹ bá ti sọ ọ́, bóyá ẹnu á sì kọ̀ mí. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kó kígbe.

Ọmọ yín,
Tínrín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Tínrín ọmọ mi,

Mo jókòó bí o ṣe ní kí n jókòó. Kò tíì ṣe mí bíi pé kí n dìde.

Kí ló dé tí o fi pa irọ́ òkúta fún mi? Odidi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá gbé aago wá pé kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí òkúta má bàa mú wọn ní kíndìnrín bíi ti ọmọ mi. Wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Olómi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ò kígbe. Aṣọ oníbàárà ló wà níwájú rẹ̀, ó gé e bàjẹ́, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó ní kí o máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù òun, òun á máa kọ ọ́ síwèé fún mi kó lè yá. Mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kọjá, ó máa ń fi ṣúgà sí i. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ̀wé sí mi.

Ta ló ń bá ọ dáná? Ta ló ń bá ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fa oògùn yẹn? Má sọ fún mi pé ìwọ nìkan ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun yẹn yé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Ìyá rẹ ì bá wà láàyè títí di òní. Ìgbà karùn-ún ni wọ́n fún un lóògùn tó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò gbà á mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kéré nígbà náà, ẹ ò mọ bó ṣe dùn mí tó. Jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá ń ṣe ọ́, má ṣe dá oògùn náà dúró.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Bàbá Olómi,

Ẹ kú àníyàn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí nínú yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀ bi mí pé ta ló kọ̀wé ìfẹ́ sí mi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ là ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló máa ń bá mi lọ síbi oògùn tó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bí kò bá ti bọ́ sí i, èmi nìkan ni mò ń lọ. Mo ti sọ òótọ́ fún yín.

Mo ti gba ìkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan pupa sú sí mi láyà, ó ran dé ẹ̀yìn àti itan. Ó ń yún mi bí ẹni pé wọ́n da èèrùn sí mi láṣọ. Níbi iná pupa, màá máa fẹ̀yìn ra àga. Èrò kan bi mí pé ṣé ijó ni mò ń jó. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "O ṣeun tí o pè." Wọ́n fún mi ní ìpara àti oògùn oníhóró, wọ́n sì sún ìkẹta síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan kí ara lè rọ̀. Ara ti ń rọ̀. Àárẹ̀ nìkan ló kù: tí mo bá délé, orí àga ni mo máa ń sùn sí tòun ti bàtà.

Ẹ má ṣàníyàn nípa sísún tí wọ́n sún un.

Tínrín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O ní kí n má ṣàníyàn. Báyìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.

Ara yíyún ò pààyàn. Àárẹ̀ ò pààyàn. Jẹjẹrẹ ló ń pààyàn. Àwọn dókítà wọ̀nyí, ohun tí o bá rò fún wọn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá ìdí láti dá oògùn dúró. Dín ẹnu rẹ kù lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí wọn ò bá lè fojú rí, má ṣe sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni, o ti gba méjì. Fara dà á.

Mo ti sin ẹnì kan nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Mi ò lè sin ìkejì.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Tínrín,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé sí ọ. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà ti mọ ẹsẹ̀ mi. Tó bá ti rí mi lókèèrè, ó máa ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé mo bí ọ nínú ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ ìbínú náà kí n kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní fóònù rẹ ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Lánàá, obìnrin kan gbé e, ó ní o ń sùn. Ta ni obìnrin yẹn? Kí ló dé tí o fi ń sùn ní ọ̀sán gangan, tí ẹlòmíràn ń gbé fóònù rẹ? Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí ni obìnrin náà tún sọ, ó ní kò sọ nǹkan kan. Ṣúgà nìyẹn. Mo mọ ojú rẹ̀.

Kọ̀wé. Bó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo.

Bàbá rẹ


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ilé ni mo wà báyìí. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Obìnrin tó gbé fóònù mi, aláìsàn ẹgbẹ́ mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ni. Nígbà tí mo jí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún yín títí ọwọ́ mi á fi lè mú bírò. Ẹ má bá a jà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìkẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà tí mò ń wà, ìparí ọ̀nà ló sì wà. Mo bá dá oúnjẹ àárọ̀ dúró, mo dá omi dúró, kí n lè dé ìparí. Lẹ́tà yín ti dé nígbà yẹn. Inú àpò mi ló wà lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìkẹrin.

Nọ́ọ̀sì mú ìwé rẹ̀. "Awọ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Èémí?"

"Ó ń lọ geere."

"Ìgbẹ́ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó wò mí lójú díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì fún mi ní ìkẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé olóògùn, mo ra èyí tó ń dá inú ṣíṣí dúró. Ó bi mí bóyá mò ń gba ìtọ́jú kankan. Mo ní rárá. Káàdì náà wà nínú báàgì tí mo gbé sórí káńtà rẹ̀. Oògùn náà dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti mú mi. Mo fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tan iná pàjáwìrì, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Èmi ò lè dìde. Ìyá àgbà kan ò sọ̀ ní tiẹ̀. Òun ló tú báàgì mi láti wá fóònù, tó rí káàdì yẹn, tó kà á sókè fún àwọn tó wá gbé mi. Dókítà sọ pé ká ní kò kà á ni, oògùn inú rírun lásán ni wọn ì bá fún mi, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ-ogun yẹn ló dojú ìjà kọ ìfun mi. Wọ́n ń fún mi lóògùn tó máa mú wọn jókòó. Ọjọ́ márùn-ún kọjá, wọn ò jókòó. Oníṣẹ́ abẹ máa ń wá láàárọ̀ lọ́sàn-án wá tẹ inú mi, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ìfun lè bẹ́. Oògùn míràn tí wọ́n tún mú wá ló wá ràn án.

Nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Mo ní, "Mo bẹ̀rù pé ẹ máa dá a dúró."

Ó ní, "Ká ní o pè mí lọ́jọ́ kìíní ni, ó ṣeé ṣe ká fún ọ ní oògùn oníhóró nílé, ká dúró díẹ̀, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, a ò tún lè fún ọ mọ́ láyé."

Bó ṣe rí nìyẹn. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni mo fọwọ́ ara mi fà. Ohun kan tún wà, tó kéré bíi hóró ẹ̀wà lábẹ́ ọpọlọ, tó ń pàṣẹ okun fún ara. Àwọn ọmọ-ogun yẹn ti bà á jẹ́. Láràárọ̀ ni màá máa lo oògùn dípò rẹ̀ títí tí màá fi kú. Tí mo bá gbàgbé, ó lè dá mi wólẹ̀. Wọ́n ti gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì ni wọ́n fi mí sí, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí èrò bá gbàgbé sọ́kọ̀ sí. Agbòjò ló pọ̀ jù.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹnu èmi ni mo fi parọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi ni mo ṣe é. Mi ò lè dá a gbé.

Tínrín


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Àbúrò mi,

Pẹ̀lẹ́ o. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí.

Ìdí tábìlì iṣẹ́ ni wọ́n ti ka lẹ́tà rẹ. Wọ́n yọ dígí tí wọ́n máa ń há sójú, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kẹfà rèé. Wọ́n ti dá gbogbo aago oníbàárà padà láìtún un ṣe. Wọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀, àfi lánàá tí wọ́n ṣàdédé bi mí pé kí ni mo rántí nípa àìsàn màmá. Mo kọ ọ́ síwèé fún wọn pé mi ò rántí ju pé màmá máa ń jókòó sùn, pé wọn kì í dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ṣé ó yẹ kí o kọ ọ́ báyẹn sí wọn? Àgbàlagbà ni wọ́n. Mo bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka èyí tí wọ́n kọ sí ọ, nítorí wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan ná kí wọ́n tó dà á kọ. Mo ti jáwọ́ nínú ìbínú. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá tiẹ̀ bínú sí.

Lo oògùn àárọ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Tínrín ọmọ mi,

Mi ò kí ọ ná. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ọwọ́ mi tó yẹ̀.

Láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń sọ fún yín pé ìyá yín ló kọ oògùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà pe àwa méjèèjì wọ yàrá kékeré kan. Ó ní oògùn náà ti ń ba ọkàn ìyá yín jẹ́, pé bí wọ́n bá fún un ní ìkẹfà, ó lè má jí. Ó ní òun á dá a dúró. Mo ní kó fún un. Mo gbá tábìlì. Ó kọ̀.

Nígbà tí a délé, mo kọjú sí ìyá yín. Mo ní, "Ìwọ lo lọ sọ fún wọn pé èémí rẹ ń já. O ò lè dákẹ́?"

Ó ní, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Òótọ́ ni. Ó ti sọ fún mi ní oṣù kan ṣáájú. Ó ní òun ò lè dùbúlẹ̀ mọ́, pé ó ń ṣe òun bíi pé omi wà láyà òun. Mo ní kó fara dà á. Oṣù kan gbáko ló fi fara dà á kó tó sọ fún wọn, ọkàn náà sì ń bàjẹ́ lọ. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí mi ò lè jókòó tì nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé òun ló kọ̀. Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo sọ fún un ni mo kọ sí ọ.

Má ṣe dárí jì mí kíákíá. Mi ò fẹ́ èyí tó yá.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn tó wà níbí. Mo bá nọ́ọ̀sì kan, mo sọ irú oògùn tí o gbà fún un. Ó fi sùúrù kọ ohun tó yẹ kí bàbá máa bi ọmọ rẹ̀ sórí ìwé fún mi. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń yàgbẹ́ lójúmọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé èémí ń já ọ, ṣé o ń wúkọ́? Ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé ojú ń ṣú ọ? Ṣé o lo oògùn òwúrọ̀? Ó ní kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá oògùn yẹn dúró, wàhálà rẹ̀ ṣì lè yọjú lẹ́yìn oṣù púpọ̀, pé àwọn ọmọ-ogun náà sì lè ṣì máa bá jẹjẹrẹ jà lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Dá mi lóhùn bó ṣe rí gan-an.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró. Oṣù kan ni mo fi gbé lẹ́tà yín sórí fìríìjì láìdáhùn. Inú bí mi, kì í ṣe ní tèmi, ní ti ìyá mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń rò pé wọ́n lè dúró tì wá, wọn ò fẹ́. Mo bínú sí wọn nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo bínú sí wọn nígbà tó tú ká. Ẹ̀yin náà ń gbọ́, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mi ò tíì dárí jì yín. Ẹ ní kí n má yára.

Ìdáhùn yín rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Mò ń wúkọ́ díẹ̀, mo ti pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ò fọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbàgbé oògùn òwúrọ̀, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá mi nílẹ̀ láàárín àwọn agbòjò, ó sì gbé mi dé ilé ìwòsàn láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Wọ́n ya àwòrán míràn. Kókó méjì ti sún kì dé ìdajì láti ara ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo gbà. Ìkẹta ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Oògùn tí ì bá lé e ni wọn ò lè fún mi mọ́. Oníhóró kan wà tí wọ́n fẹ́ gbìyànjú, tí kì í jẹ́ kí kókó rí ẹ̀jẹ̀ mu. Ó máa ń bó àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Mo bi dókítà ní tààrà pé ṣé á wò mí sàn. Ó ní rárá, àsìkò ló máa fún mi. Mo ní mélòó. Ó ní òun ò mọ̀, òun ò sì ní purọ́ fún mi.

Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní yí nǹkan padà, pé kí n wá kí yín nílé kí n tó bẹ̀rẹ̀ oníhóró náà. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ni màá wọlé. Kí ẹ̀gbọ́n mi má pe ẹnikẹ́ni wá kí mi.

Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyá mi sọ lẹ́yìn "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún." Ẹ ò kọ ìyẹn. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bóyá wọ́n sunkún, bóyá wọ́n tún bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa kí wọ́n tó lọ. Èmi á máa kọ ìbéèrè sórí ìwé, ẹ̀yin á máa fẹnu dáhùn, kí n lè gbọ́ ohùn yín. Tó bá di ibi tí ẹ ò lè sọ, ẹ dákẹ́. Mi ò ní dìde.

Ọmọ yín